Abẹ́rẹ́ Òṣùwọ̀n

Igba lé mọ́kànlélógún ni Jáǹbù fún mi.
Òjìlérúgba ni yunifásítì ńlá ń béèrè.
Mọ́kàndínlógún ló wà láàárín èmi àti géètì wọn,
iye ọdún tí mo ti lò láyé gan-an.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi ní Ìsìnkàn, l'Ákúrẹ́,
láàárín àpò kòkó mẹ́rìnlá àti òórùn wọn tó kan díẹ̀,
mo fi bírò pupa la ìwé sí méjì.

Lápá òsì, yunifásítì ńlá.
Ẹ̀gbọ́n mi Akínkúnmi lọ síbẹ̀ rí.
Ó ní ojú fèrèsé lòun ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì,
òjò ń pa òun lẹ́yìn,
ẹgbẹ̀rún orí wà láàárín òun àti pátákó.
Ó ní ọdún mẹ́rin lòun fi jẹ́ nọ́ńbà,
ọjọ́ tí wọ́n wá pe orúkọ òun,
wọ́n ṣì í pè.
Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́!
Ó rántí ìyá onírẹ́sì, ó rántí ìdìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́,
ó rántí òru tí iná lọ, tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì hó yèè
bí ẹni pé òkùnkùn gba góòlù wọlé.

Lápá ọ̀tún, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ọ̀nà Ìdànrè.
Irínwó akẹ́kọ̀ọ́, ó dín mẹ́ta.
Wọ́n ń kọ́ ìtàn, wọ́n ń kọ́ èdè, ìṣirò, àwòrán yíyà,
kò sẹ́ni tí yóò ní kó o mú ọ̀kan kí ọdún kejì tó pé.
Èmi àti Ìyùnadé lọ wò ó lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.
Àpáta dúró lẹ́yìn ilé ìkàwé
bí àgbà tí kò fẹ́ dá sọ́rọ̀.
Àwọn mọ́kànlá jókòó yí tábìlì kan ká,
olùkọ́ obìnrin kan bi wọ́n ní ìbéèrè, ó wá ń dúró de èsì.
Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù: ó ń dúró.
Níbẹ̀, bí oorun bá gbé ọ lọ tí o kò lọ sí kíláàsì,
alásè á ti bi ọ́ léèrè kí ilẹ̀ tó ṣú.
Bí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ bá jà, ẹ óò ṣáà jọ jẹun alẹ́:
ilé oúnjẹ kan ṣoṣo ni.
Ìyùnadé ní, "Abúlé tí wọ́n kùn lọ́dà ni."
Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá èébú ni.

Ẹnì kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń gbà.
Mo ka ara mi, mo ka Ìyùnadé,
mo wá ń wá ojú ẹnì kẹta.
Owó ọdún kan tó àpò kòkó mẹ́sàn-án, bí iye rẹ̀ kò bá já.
Wọ́n ní ìrànwọ́ wà fún ẹni tó bá kọ àròkọ tó dáa,
"Ta ni ìwọ?" ni àkọlé rẹ̀.
Ìlà mẹ́ta ni mo tíì kọ láti ọjọ́ Àìkú,
mo sì ti pa méjì rẹ́.

Bàbá mi dé láti Bólórúndúró, erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀.
Ó ka ìwé mi tán, kò sọ̀rọ̀, ó bu omi mu.
"Kòkó tútù a máa parọ́ fún òṣùwọ̀n," ló wá sọ.
"Ìwé aláwòrán tí wọ́n fún ọ lọ́hùn-ún,
ṣé o ti sá a sóòrùn?
Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, èwo ló gbẹ nínú rẹ̀?"

Mi ò lésì.
Ó gba ìwé náà, ó gbé e lé orí òṣùwọ̀n,
àwa méjèèjì tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́.
Kò mì.
"Hẹn," ó ní, "èyí kọjá iṣẹ́ tèmi."
Ó ní kí n wá bá òun ka àpò, pé ilẹ̀ ń ṣú.
Mẹ́rìnlá. A tún un kà. Mẹ́rìnlá.
Ibi tó ti ń ti ilẹ̀kùn, ó béèrè láìwojú mi:
"Olùkọ́ tó ń dúró de èsì yẹn,
kí lorúkọ rẹ̀?"